Iṣẹ́ orí òrùlé àti orí àkàbà: kí la fi ń dá ara wa dúró lókè?

Onílé Tanke béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní Tanke, nílùú Ìlọrin níbí, páànù rẹ̀ ń jò lójú méjì. Mo tún fẹ́ kí wọ́n gbé sólà mẹ́fà sórí rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ irin tó gbé táǹkì omi dúró lẹ́yìn ilé wò. Láti ilẹ̀ dé etí òrùlé tó fíìtì 20. Wáyà NEPA gba iwájú ilé kọjá. Lẹ́yìnkùlé, yàrá kan wà tí wọ́n fi àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ bò, orí rẹ̀ ni kafíńtà ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun yóò máa gbà gòkè, torí àkàbà òun ò gùn tó. Kò mẹ́nu ba okùn rárá. A fẹ́ parí ẹ̀ kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí ni kí n pèsè? Kí ni kí n kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìwọ̀n, ẹ sọ ohun tí ojú lè rí. "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ra" ò lè ràn mí lọ́wọ́.

Kafíńtà Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Orí àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ó léwu ju orí ilé ńlá lọ. Àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ nínú oòrùn àti òjò máa ń gan bí àwo amọ̀. Páànù tí kò lágbára, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ rọ̀, á ké, onítọ̀hún á mọ̀ pé kí òun fẹsẹ̀ sẹ́yìn. Àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì kì í kìlọ̀. Bó ṣe wà lódidi náà ló máa fọ́, tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì bá ara rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì inú yàrá. Àwọn kan máa ń sọ pé téèyàn bá ti ń tẹ ojú ìlà ìṣó, kò séwu. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì: ẹsẹ̀ tó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré ti kúrò lórí igi. Kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá. Kí wọ́n má fi ayùn gé e, kí wọ́n má sì dá a lu, torí ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà sì ni àìsàn rẹ̀ máa ń fara hàn. Páànù rọ́bà tí wọ́n máa ń fi sáàárín páànù kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé náà ò ṣeé tẹ̀, pàápàá tó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ó ku òrùlé ńlá. Kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, kí kafíńtà kọ́kọ́ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Orí igi ni kó máa tẹ̀, sílíǹgì kò gba èèyàn. Kó wo àwọn igi ìbú tí wọ́n kan páànù mọ́, àwọn tí à ń pè ní pọ́línì, kó máa fi ìṣó gígùn gún wọn. Bí ìṣó bá wọlé tó ìdajì ínṣì pẹ̀lú agbára ọwọ́ lásán, igi náà ti rà, tàbí kí ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò nìyí: ibi tí páànù ti ń jò gan-an ni igi abẹ́ rẹ̀ ti ń mumi. Ibi tí ẹ ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ pé kó lọ dí ni òrùlé náà ti rọ jù. Nítorí náà kó ka pọ́línì láti etí òrùlé wọlé, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, kó kọ èyí tó rà sílẹ̀. Tó bá dókè, ìlà ìṣó ló máa kà bákan náà, á sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun ò gbọdọ̀ dé.

Lórí páànù gígùn, ojú ìlà ìṣó là ń tẹ̀, nínú kòtò páànù, kì í ṣe lórí ibi tó yọ gọngọ, torí ibẹ̀ máa ń wó. Níbi tí igi bá ti rà, kí wọ́n tẹ́ pákó lé e: pákó tó nípọn ínṣì 2, tó fẹ̀ tó ínṣì 9 sí 12, tó gùn débi pé yóò dúbúlẹ̀ lórí pọ́línì mẹ́ta tó dára, ó kéré tán. Kí wọ́n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lójú ní ínṣì 12 síra wọn kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú, kí wọ́n sì fi irin kọ́ orí pákó náà mọ́ ṣóńṣó òrùlé. Pákó tí wọn ò kọ́ yóò yọ̀ wá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Nípa àkókò: ìrì òwúrọ̀ lórí páànù ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Eruku ọyẹ́ náà ń yọ̀, ó dà bí ẹni da àtíkè sílẹ̀, àfi kí wọ́n gbá a bí wọ́n ṣe ń lọ. Bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Kí ẹni tó wọ sílípáàsì wà nílẹ̀.

Pẹ́ńtà Ọ̀ffà:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àkàbà kún un, torí ó hàn pé ti kafíńtà yẹn kúrú, ohun tó sì ń gbé e gba orí àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì nìyẹn.

Òrùlé yín ga ní fíìtì 20. Ìdí àkàbà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ní ìdá mẹ́rin gíga yẹn, ìyẹn fíìtì 5. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá etí òrùlé ní fíìtì 3, kí ẹni tó ń bọ́ sórí páànù lè rí nǹkan dì mú. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, àkàbà tó tó fíìtì 24 ni ẹ nílò. Ẹ yá aláyọpọ̀, èyí tí ọ̀kan ń fà jáde lára èkejì, kí ibi tí méjèèjì ti gbé orí ara wọn sì má dín ní fíìtì 3. Àkàbà igi méjì tí wọ́n fi okùn dì pọ̀ kì í ṣe àkàbà fíìtì 24, ẹ má gbà á.

Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa láìsí téèpù: kí ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ìdí àkàbà, kó dúró ṣánṣán, kó na apá méjèèjì tààrà síwájú ní ìwọ̀n èjìká. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá kan igi àtẹ̀gbà, ó dúró dáadáa. Tí ọwọ́ ò bá kàn án, ìdí àkàbà ti jìnnà sí ògiri jù, ó lè yọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ó ní láti ká ìgbọ̀nwọ́ kó tó ráyè, ìdí rẹ̀ ti sún mọ́ ògiri jù, orí rẹ̀ lè fà sẹ́yìn.

Ẹ má gbé e ti gọ́tà rọ́bà, ẹ má sì so ó mọ́ fáṣíà, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé, torí ìṣó díẹ̀ ló gbé fáṣíà dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ìkọ́ irin oníbóòtì mọ́ ògiri tàbí mọ́ orí ráfítà, kí wọ́n so orí àkàbà mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni àkọ́kọ́ tó ń gòkè lọ so ó nìkan ló nílò kí ẹlòmíràn di ìdí rẹ̀ mú. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ tẹ́ pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Tí ilẹ̀ bá dàgẹ̀rẹ̀, ẹ gbẹ́ ibi tó ga, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé ibi tó relẹ̀.

Èèyàn kan ṣoṣo lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó kọjú sí i lálọ lábọ̀. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, gbọ́dọ̀ máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí a ń gbé dání gòkè. Okùn àti báàkẹ́ẹ̀tì ni kó máa fa hámà àti ìṣó. Ìdodo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò láàárín igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; tọ́wọ́ ò bá tó ibi tó fẹ́ kùn, kó sọ̀ kalẹ̀ kó sún àkàbà. Àkàbà igi tí wọ́n kun ní ọ̀dà kò ṣeé fọkàn tán, ọ̀dà á ti bo ibi tó sán.

Ọmọ Iṣẹ́ Gànmọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá. Ṣé bẹ́líìtì ìbàdí kan ò tó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí páànù ni? Hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn bẹ́líìtì gbogbo ara, wọ́n, okùn àti bẹ́líìtì ló pọ̀ lọ́jà.

Agunmáàsìtì:

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè. Kò tó. Tí èèyàn bá jábọ́ tí bẹ́líìtì ìbàdí sì gbà á dúró, gbogbo agbára ìṣubú yẹn á kó sójú kan níkùn. Ó lè ṣẹ́ egungun ìhà, ó lè fa ẹ̀dọ̀ ya, tàbí kí onítọ̀hún dorí kodò kó yọ́ jáde nínú ẹ̀. Hánẹ́ẹ̀sì gbogbo ara pín agbára náà sí itan méjèèjì, ìdí, àyà àti èjìká, òrùka tí a ń so okùn mọ́ sì wà lẹ́yìn láàárín pálapàla èjìká méjèèjì. Lára àkọlé rẹ̀, ẹ wá EN 361 tàbí ANSI Z359, àmì ìlànà tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tí àkọlé rẹ̀ ti ya, ẹ má rà á, bó ti wù kó mọ́ tó.

Bí a ṣe ń yẹ hánẹ́ẹ̀sì òkìríkà wò: ẹ mú okùn pẹlẹbẹ rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ní ìwọ̀n ínṣì 6 síra wọn, ẹ ká a kó tẹ̀ bí ọrun. Ojú tó yọ síta yóò là, ẹ ó sì rí fọ́nrán tó já, tó yi, tàbí tí iná ti fọwọ́ bà. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ínṣì mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ ka ojú òwú ìránṣọ níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Tó bá ti tú, ó ti bàjẹ́. Àwọ̀ tó ṣá, tó sì le gbagidi lọ́wọ́, oòrùn ló jẹ ẹ́. Èyí tó bá ti gba èèyàn dúró lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ gé e kúrú-kúrú kí ẹlòmíràn má baà lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí nìyí. Okùn méjì ló wà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Ọ̀kan ń gbà ọ́ lẹ́yìn tó o bá ti jábọ́. Ìkejì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó o dé etí rárá, débi tí wàá jábọ́. Ìkejì yìí ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ rò, torí ẹ wo ìṣirò àkọ́kọ́: okùn mítà 1.8, àpò kékeré ara rẹ̀ tó máa ń ya láti fi gba agbára ìṣubú á tún gùn sí i ní nǹkan bíi mítà 1.2, láti òrùka ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, ẹ wá fi mítà 1 kún un kí ẹsẹ̀ má baà gbá ilẹ̀. Mítà 5.5 nìyẹn, fíìtì 18, láti ibi tí ẹ so okùn mọ́. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, agbára káká ló fi tó. Ní ilé ilẹ̀ tí etí rẹ̀ ga ní fíìtì 10, ẹni tó wọ hánẹ́ẹ̀sì dáadáa, tó so ó dáadáa, yóò ṣì gbá ilẹ̀.

Kí ni ká so ó mọ́? Ohun tó bá lè gbé tọ́nù 2 ó lé láìyẹ̀. Pọ́línì kò tó bẹ́ẹ̀, fáṣíà kò tó, páìpù táǹkì kò tó. Òpó kọnkéré tó nírin nínú tó o, tàbí ìdí igi ńlá tó fìdí múlẹ̀. Kí okùn gba orí ṣóńṣó òrùlé lọ sí òdìkejì ilé, kí wọ́n so ó mọ́ òpó níbẹ̀. Níbi gbogbo tó bá ti fara kan etí páànù, ẹ fi rọ́bà táyà tàbí àpò tó nípọn tẹ́ ẹ, torí etí páànù ń gé okùn bí abẹ. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ ọkọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ẹnì kan lè wá wa ọkọ̀ náà láìmọ̀.

Okùn rọ́bà aláwọ̀ búlúù tàbí ewéko tí a fi ń so ẹrù, ẹrù ni kó máa so. Okùn náílọ́ọ̀nù tó ní èèpo àti inú, tó nípọn mílímítà 11 tàbí 12, ni ti èèyàn.

Akọ̀pẹ Ìsin:

Ẹ kú làákàyè. Ohun tí ẹ̀yin agunmáàsìtì ń fi okùn méjì ṣe, òun náà là ń fi igbà ṣe. Igbà yí ọ̀pẹ àti akọ̀pẹ po, kò sì gbọdọ̀ tú títí ẹsẹ̀ á fi padà kan ilẹ̀. Ibi tí ewu wà ni òkè níbi imọ̀, nígbà tí èèyàn bá fẹ́ yí igbà kọjá ìdí imọ̀. Ìdí imọ̀ tó ti gbẹ kì í ṣe ohun à ń dì mú, ó máa ń já wá pátá. Kí ẹni tó ń gun igi tàbí irin èyíkéyìí ní okùn kejì tó máa kọ́kọ́ so mọ́ òkè kó tó tú ti ìsàlẹ̀. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ igbà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pẹ, níbi tí ẹsẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀ ju fíìtì kan lọ, ẹ fì í dáadáa. Igbà tó bá máa já, kó já níbẹ̀. Àdá tàbí àáké, ẹ fi okùn so ó kọ́ ìbàdí, kí ẹ sì lé gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ jìnnà.

Rẹ́wáyà Òmù-Àrán:

Ẹ̀gbọ́n Tanke, wáyà iwájú ilé yín ni tèmi. Ẹ má jẹ́ kí àkàbà alumíníọ̀mù sún mọ́ ọn. Fíìtì 10 ni kí gbogbo nǹkan fi jìnnà sí wáyà háí-tẹ́ńṣàn, èyí tó ń gbé iná ńlá, yálà ti KV 11 tàbí ti KV 33: èèyàn, àkàbà, páànù, irin, títí kan téèpù ìwọn-nǹkan onírin. Iná bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹ fọwọ́ kàn án, ó lè fò. Ohun tí mo rí pé àwọn kafíńtà kì í kà sí ni páànù gígùn. Páànù fíìtì 20 tí wọ́n gbé nàró nílẹ̀ láti fà sókè ti dé ibi tí wáyà wà. Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì gbé e ní ìbú, lẹ́yìn ilé, níbi tí kò sí wáyà.

Tí iṣẹ́ ò bá ṣeé ṣe láìsún mọ́ wáyà, ẹ kọ̀wé sí IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná níbí, kí wọ́n wá pa á fúnra wọn, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí òṣìṣẹ́ wọn bá sọ fún yín lójú ara yín pé ó ti kú. "Wọ́n ti mú iná lọ" kì í ṣe ìdánilójú, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń dá a padà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn ò so dáadáa náà lè rán iná padà sórí wáyà tí ẹ rò pé ó ti kú.

Sólà wá ńkọ́. Páńẹ́lì wáàtì 550 kan wúwo tó kílò 28, ó gùn ju mítà 2 lọ, ó sì fẹ̀ ju mítà 1 lọ. Tí atẹ́gùn bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó ti di ìgbòkun ọkọ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rù ú gun àkàbà. Okùn méjì ni kí wọ́n fi fà á, èèyàn méjì lókè tí okùn ti so wọ́n, ẹnì kan nílẹ̀ tó mú okùn kẹta láti máa darí rẹ̀ kó má fì. Tí igi tó wà láyìíká bá ti ń mi ẹ̀ka ńlá, tí páànù sì ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ní àkókò tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin níbí, ìjì ló máa ń ṣáájú òjò, kì í sì í pẹ́ dé. Tí àrá bá ti dún, kódà lókèèrè, kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

Páńẹ́lì ń mú iná jáde ní gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án. Kò sí ibi tí ẹ ti lè pa oòrùn. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ojú rẹ̀ títí wáyà yóò fi so pọ̀ tán. Ìgbọ̀n iná kékeré tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan nílẹ̀ lè mú kí onítọ̀hún fà sẹ́yìn lójijì lókè, ibẹ̀ ni yóò sì ti jábọ́. Mẹ́fà wọn, pẹ̀lú irin, yóò sún mọ́ kílò 200 lórí òrùlé yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ pọ́línì tí kafíńtà sọ kò kan ti jíjò nìkan.

Wẹ́lídà Kúlẹ́ńdé:

Táǹkì: omi lítà 1,000 wúwo tọ́nù kan. Ẹ tú omi rẹ̀ dànù kí ẹnikẹ́ni tó gun irin náà. Ìdí rẹ̀ níbi tó ti wọ kọnkéré ni ìpata ti máa ń jẹ ẹ́, torí omi máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ fi hámà lù ú yíká. Irin tó lára dún gán-ín-gán-ín. Èyí tí inú rẹ̀ ti jẹ dún bọ̀ọ̀, ìpẹ́ pupa á sì máa já bọ́. Tó bá dún bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún, sikáfóòdù ni kí wọ́n tò yí i ká.

Ẹni tó bá ń jó irin lókè kò gbọdọ̀ gbára lé okùn aláṣọ nìkan. Ìtapàrà iná á jó o lu láìjẹ́ pé ó mọ̀. Okùn wáyà tàbí ṣéènì ni kó fi so ara rẹ̀, kó sì fi awọ bo hánẹ́ẹ̀sì níwájú.

Bíríkìlà Adéta:

Níwọ̀n ìgbà tí wẹ́lídà ti dárúkọ sikáfóòdù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa, torí ọparun la sábà máa ń lò níbí.

Ọparun tó gbó, tó ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán, ni kí ẹ rà. Tútù máa ń sún kì tó bá ń gbẹ, ìdè á sì dẹ̀. Kí ìdí rẹ̀ nípọn tó ínṣì 3. Ẹ wo orí kókó rẹ̀: bí ìyẹ̀fun funfun bá ń dà nínú ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Àárín òpó kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju fíìtì 6 lọ. Ẹ ri ìdí òpó mọ́lẹ̀ ní fíìtì kan ààbọ̀ sí méjì. Tó bá jẹ́ orí kọnkéré, ẹ fi igi de àwọn ìdí náà pọ̀ kí wọ́n má yọ̀. Tí ẹ bá ń fi ọparun kan gba èkejì sókè, kí wọ́n gbé ara wọn ní fíìtì 5, kí ẹ sì dì wọ́n níbi mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ a máa dì í níbi kan ṣoṣo láàárín, ibẹ̀ ni yóò sì ti tẹ̀ bí orúnkún.

Ohun tó ń wó sikáfóòdù jù ni pé wọn kì í so ó mọ́ ilé. Ẹ so ó mọ́ ògiri ní gbogbo fíìtì 12 ní gíga: kí igi gba ojú fèrèsé wọlé, kí ẹ dábùú òmíràn mọ́ ọn nínú yàrá. Ẹ fi igi ìdágẹ̀rẹ́ gbà á láti igun dé igun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa mì.

Pákó ibi ìdúró: ínṣì 2 ní nípọn, lórí igi mẹ́ta, kó yọ kọjá igi ìparí ní ínṣì 6 ó kéré tán, kó má sì ju 12 lọ. Tó bá yọ jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ etí rẹ̀ á gbé òdìkejì sókè. Kí pákó kún ojú ibi ìdúró, kì í ṣe ẹyọ kan láàárín. Igi ìfarati ní ínṣì 42 sókè pákó, òmíràn ní ìdajì rẹ̀, àti pákó ẹsẹ̀ tó ga ní ínṣì 4 kí hámà má baà ré lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 lè wọn kílò 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ogún rẹ̀ lórí pákó kan ti di ìdajì tọ́nù. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tún gbogbo ìdè fọwọ́ kàn níkọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó gun ún. Ìdè tó bá yí lábẹ́ ọwọ́, ẹ tún un dì.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì:

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara èèyàn.

Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sínú àwẹ̀ Rámadán, ẹ má fi aláwẹ̀ sórí páànù lọ́sàn-án. Páànù ń ta oòrùn padà sí i lára, kò sì sí omi lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà sààrì. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrì bá gbẹ, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá. Iṣẹ́ ìsàlẹ̀, bíi gígé igi àti wíwọn nǹkan, ló yẹ kó kù fún ọ̀sán. Ẹni tí òòyì ń kọ́, ẹni tó ní wárápá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún, kò yẹ lókè. Bákan náà ni ẹni tó mu paraga tàbí tramadol. Ó lè máa sọ pé ó ń fún òun lágbára, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún un pé ẹsẹ̀ òun ti yẹ̀ ni oògùn yẹn pa.

Akoto gbọ́dọ̀ ní okùn àgbọ̀n, kí wọ́n sì de é. Èyí tí kò ní, yóò ti ṣí kúrò lórí kí orí tó kanlẹ̀.

Tí ẹnì kan bá jábọ́, ẹ má fà á dìde. Ẹ má bu omi sí i lórí, ẹ má fún un ní omi mu, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ sí ìhà orí rẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ orí náà mú bó ṣe bá a, kó má sì fi sílẹ̀. Ẹ wo bóyá ó ń mí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ẹ bi í bóyá ó mọ ọwọ́ yín lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ pe 112. Tí ọkọ̀ ò bá lè dé, tí ẹ sì ní láti gbé e, ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ tàbí pákó fífẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e: èèyàn mẹ́rin, ẹni tó di orí mú ló ń kà, "ọ̀kan, méjì, mẹ́ta", kí orí, èjìká àti ìdí yí pa pọ̀ bí ìtì igi. Bó bá ń bì, ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bákan náà. Omi tó mọ́ tó ń kán láti imú tàbí etí lè jẹ́ pé agbárí ti là. Kí ẹ sọ fún dókítà bó ṣe ga tó, àti apá tó kọ́kọ́ fi kanlẹ̀. Ẹni tó dìde fúnra rẹ̀ tó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun náà gbọ́dọ̀ lọ, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú ikùn fún wákàtí mélòó kan kó tó hàn.

Ẹni tó rọ̀ sínú hánẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Tí kò bá lè mira, okùn itan á dá ẹ̀jẹ̀ dúró sí ẹsẹ̀, ó sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà ilẹ̀ ni kí ẹ ti pinnu bí ẹ ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bó bá mọra, kó máa gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Aláàbò Iṣẹ́:

Díẹ̀ ni tèmi. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ sólà lẹ gbé iṣẹ́ náà fún, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san ti NSITF, àpò owó ìjọba fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa, kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì jábọ̀ láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ ya àwòrán àkàbà àti okùn bí wọ́n ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni tó tú wọn palẹ̀.

Onílé Tanke:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti sọ fún kafíńtà pé kò sẹ́ni tó ń gba orí àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì. A máa yá àkàbà fíìtì 24, òpó báńkónì òdìkejì sì ni a ó so okùn mọ́. Ó ku ìbéèrè kan fún agunmáàsìtì: láti ṣóńṣó òrùlé dé etí jẹ́ fíìtì 16. Báwo ni kí okùn gùn tó kó má lè dé etí?

Agunmáàsìtì:

Àmín o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi fíìtì 4 sílẹ̀ sí etí, kí ó gùn ní fíìtì 12 láti ṣóńṣó dé òrùka ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì ta kókó síbẹ̀ kí ohun tó ń dì mọ́ okùn má lè kọjá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, kó máa sọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí okùn yóò fi fà á. Ibẹ̀ ni kó ti dúró, kó na ọwọ́ wò. Bí ibi tó ń jò bá ju bí ọwọ́ ṣe lè dé lọ, kì í ṣe okùn lẹ máa fi kún. Sikáfóòdù ni kí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ wò. Fíìtì 12 yẹn ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ tààrà ni. Tó bá rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ìparí òrùlé, okùn kan náà lè jẹ́ kó dé etí ẹ̀gbẹ́, bó bá sì yọ̀ níbẹ̀, yóò fì padà lu ògiri. Ojú tó ń jò jẹ́ méjì, nítorí náà ibi méjì ni ẹ máa so okùn sí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní òkè ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Tó bá fẹ́ kúrò ní ìkíní lọ sí ìkejì, kó padà sí ṣóńṣó, kó so ìkejì mọ́ra kó tó tú ìkíní. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sórí páànù ní fíìtì 4 sí etí yíká, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè máa rí i, kó sì pè é tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ọn.